ILÉ-IṢẸ́ BÉBÀ KÁÀKIRI AYÉ: TA NI IṢẸ́ Ń BỌ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀, KÍ SÌ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí àwọn kan nínú wa ń jẹun lórí rẹ̀ níbí: iṣẹ́ bébà. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí, àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń ká tíṣù. Àwọn mìíràn ń wa forklift níbi ìkẹ́rùsí, tàbí kí ẹ́jẹ́ǹsì máa rán wọn lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ alẹ́. Ìbéèrè tí irú wọn máa ń gbé wá fún wa kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé iṣẹ́ yìí á pẹ́?"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn dáhùn pé, "Kọ̀ǹpútà ti pa bébà, ó ti tán." Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò pé. Tí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò yẹ kó sá á sá, ẹni tó sì yẹ kó múra á jókòó. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni pé ilé-iṣẹ́ bébà lè máa tajà, kó máa jèrè, kí iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì máa dín kù síbẹ̀síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi "Ṣé bébà á kú?" sílẹ̀, ká máa bèèrè pé: irú bébà wo ni a ń ṣe, ẹ̀rọ wo la fi ń ṣe é, iná wo ló ń gbé ẹ̀rọ náà, ta ló sì ni ilé-iṣẹ́?

1. BÉBÀ KÌ Í ṢE ẸYỌ KAN

Ẹbí mẹ́ta ni ká pín bébà sí. Èkíní ni èyí tí a ń kọ nǹkan sí tàbí tí a ń tẹ nǹkan sí: ìwé ìròyìn, ìwé àkàgbádùn, bébà ọ́fíìsì. Èkejì ni páálí àti bébà tí a fi ń di ẹrù. Ẹ̀kẹta ni tíṣù, èyí tí a ń nu ọwọ́ àti tí a ń lò nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹbí kìíní ni kọ̀ǹpútà àti fóònù kọlù jù. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí fóònù kò ra ìwé ìròyìn mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹni yẹn náà bá ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú páálí ni wọ́n máa kó o sí wá bá a nílé. Ní ti tíṣù, kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn o! Ẹ rí i báyìí pé ẹni méjì lè máa gbé àdúgbò kan náà, kí àwọn méjèèjì máa sọ pé "ilé-iṣẹ́ bébà ni mo wà", kí ọ̀nà wọn má sì jọra rárá.

2. Ẹ̀RỌ TI Ń GBA IṢẸ́ TIPẸ́

Ẹ má rò pé ayé kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe bébà, ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas-Louis Robert, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bébà láìdúró ní 1799. Ní 1803, irú ẹ̀rọ yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Frogmore, ní Hertfordshire, kò jìnnà sí London. Owó àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fourdrinier ni wọ́n fi gbé e dìde.

Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe bébà rí i pé oúnjẹ wọn ti ń lọ. Ní oṣù kọkànlá 1830, àwọn òṣìṣẹ́ ya wọ àwọn ilé-iṣẹ́ bébà tó yí High Wycombe ká, wọ́n fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ wọn túútúú. Ìjọba mú wọn, wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó lára wọn lọ sí ìgbèkùn ní Ọsirélíà. Ẹ̀rọ kò torí ìyẹn padà sẹ́yìn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Nígbà tí ẹ̀rọ sọ bébà di pọ́ọ́kú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á gan-an: ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn, àpò ọjà. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ dìde, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ mú iṣẹ́ lọ lápá kan, ó mú un wá lápá kejì. Ohun tó yàtọ̀ lóde òní ni pé ní àwọn ilẹ̀ olówó, ọjà kò gbòòrò bíi tàtijọ́ mọ́, ẹ̀rọ ní tirẹ̀ sì ń tóbi sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

3. AMẸ́RÍKÀ: ÌKAN NÍNÚ MẸ́TA LỌ

Ní 2000, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ bébà ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 605,000. Nígbà tó fi máa di 2010, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 395,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 605,000 yọ 395,000, ó ku 210,000. Tí a bá pín in, ó lé ní ìkan nínú mẹ́ta, láàárín ọdún mẹ́wàá péré. Ohun tó fà á pọ̀: kọ̀ǹpútà, ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ọjà láti òkèèrè, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra ara wọn, tí wọ́n sì ń ti èyí tí wọ́n bá rí pé ó ti gbó.

Ẹ wo ìlú Canton ní North Carolina. Láti 1908 ni ilé-iṣẹ́ bébà ti wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í ní 2023, nǹkan bí 1,100 òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn, nínú ìlú kékeré tí kò ju nǹkan bí 4,400 ènìyàn lọ. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, àtoníbúrẹ́dì àtonílé ìgẹrun, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú owó oṣù ilé-iṣẹ́ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé, "Páálí la ń ṣe ní tiwa, ewu kò sí." Ní 2025, ilé-iṣẹ́ International Paper ti ibi iṣẹ́ wọn ní Savannah àti Riceboro, ní Georgia, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bí 1,100 ènìyàn. Ohun èlò páálí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọjà páálí kò kú o, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ní ibi púpọ̀ lè pinnu pé ibi kan ni kí owó tuntun lọ, kí ibòmíràn sì di títì.

4. FINLAND: ÌLÚ KAN, ÌRÒYÌN MÉJÌ

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yìí lójú kan, ìlú Kemi ni kí ẹ wò, ní àríwá Finland. Ní oṣù kẹrin 2021, ilé-iṣẹ́ Stora Enso kéde pé àwọn máa ti Veitsiluoto, ilé-iṣẹ́ bébà wọn tó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ 670 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bébà ìtẹ̀wé àti bébà ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ẹbí kìíní tí a sọ lókè.

Nínú ìlú kan náà, Metsä Group kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Owó tó lọ sórí rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù méjì yúrò. Ohun tí wọ́n ń pè ní pulp ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìyẹn igi tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀ bí ògì, èyí tí a fi ń ṣe páálí, tíṣù àti bébà mìíràn. Agbára ilé-iṣẹ́ náà tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ́dún. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọgbà rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí 250. Tí ẹ bá pín in, ó jẹ́ 6,000 tọ́ọ̀nù fún òṣìṣẹ́ kan lọ́dún. Iṣẹ́ mìíràn wà lẹ́yìn ọgbà náà lóòótọ́, fún àwọn tó ń gé igi àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogún ọdún dúró ti ẹ̀rọ bébà kò lè déédéé di awakọ̀ agbégi lọ́la.

Ẹ rí i pé owó wọ ìlú Kemi, kò sá kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, owó tuntun kò gbé iye òṣìṣẹ́ àtijọ́ dìde. Tí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé "wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ bílíọ̀nù", ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ènìyàn mélòó ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán.

5. BRAZIL ÀTI ṢÁÍNÀ: IBI TÍ IṢẸ́ Ń LỌ

Kí ló dé tí Brazil fi ń gbòòrò nígbà tí àwọn mìíràn ń tì? Igi ni. Igi yukalípítọ́ọ̀sì tó wà ní Brazil máa ń tó gé ní nǹkan bí ọdún méje. Igi Finland ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ló máa ń gbà kó tó dàgbà, nítorí òtútù. Ẹni tí igi rẹ̀ yára hù á lè ta pulp ní owó tí ẹlòmíràn kò lè bá a tà á. Kódà Bahia, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn baba ńlá wa wà, ní ilé-iṣẹ́ pulp ńlá: Veracel ti ń ṣiṣẹ́ ní Eunápolis láti 2005, Stora Enso kan náà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì wà lára àwọn tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n máa ń kéde. Nígbà tí Suzano ń kọ́ ilé-iṣẹ́ wọn ní Ribas do Rio Pardo, ní Mato Grosso do Sul, òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìkọ́lé tó nǹkan bí 10,000 nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù. Lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2024, nǹkan bí 3,000 ló kù, àti àwọn tó wà nínú igbó àti àwọn kọngílá. Iṣẹ́ ìkọ́lé ọ̀tọ̀, iṣẹ́ tó máa pẹ́ ọ̀tọ̀.

Ṣáínà ní tirẹ̀ ti di ẹni tó ń ṣe bébà jù láyé láti nǹkan bí 2009. Síbẹ̀, níbẹ̀ náà, ìjọba ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ba omi jẹ́, ẹ̀rọ ńláńlá sì gba ipò wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, wọn kò gba bébà àlòkù wọlé láti òkèèrè mọ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bébà àlòkù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ tẹ́lẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní Beijing lè kan ẹni tó ń ṣa páálí àlòkù ní Essex.

6. BÌRÌTÉÈNÌ: ILÉ WA NÍBÍ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ibi tí a ń gbé. Ní Kent, ilé-iṣẹ́ bébà Sittingbourne tì ní 2007. Ní oṣù kejì 2015, Aylesford Newsprint, ní Kent kan náà, tó ń fi ìwé ìròyìn àlòkù ṣe ìwé ìròyìn tuntun, wó lulẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó lé ní 200. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ó kan Tullis Russell ní Fife, ní Scotland: àwọn tó lé ní 300. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ni ilé-iṣẹ́ yẹn o! Ó dára kí òṣìṣẹ́ ní ìpín, ṣùgbọ́n ìpín kò lè dá ọjà dúró.

Lẹ́yìn náà ni iná wá dá kún un. Bébà máa ń mu iná gan-an. Nígbà tí ògì rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ orí ẹ̀rọ, nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ omi. Wọ́n máa fún un, wọ́n á sì fi ooru gbẹ ìyókù. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, ilé-iṣẹ́ Stoneywood ní Aberdeen, tó ti wà láti 1770, kò lè dúró mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n dá òṣìṣẹ́ 301 sílẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe ìròyìn burúkú nìkan. Shotton, ní ìhà àríwá Wales, ló ń ṣe bébà ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Eren láti Tọ́kì rà á pẹ̀lú ètò láti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n á ti máa ṣe páálí àti tíṣù. Ọgbà kan náà, ẹbí bébà ọ̀tọ̀.

7. ILÉ ŃKỌ́?

Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ló dé tí a kò ṣe bébà tiwa nílé. A gbìyànjú. Ìjọba Nàìjíríà dá mẹ́ta sílẹ̀: Jẹ́bà (1969), Oku-Iboku, tí wọ́n ṣí ní 1986, àti Ìwópìn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n gbin igi gmẹ̀línà sínú igbó Ọmọ nítorí iṣẹ́ bébà. Ṣùgbọ́n fọ́nrán gmẹ̀línà kúrú. Bébà tó bá fẹ́ le nílò fọ́nrán gígùn, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń ra ìyẹn. Nígbà tí náírà já, tí iná kò sì dúró sójú kan, iṣẹ́ dojú rú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ṣẹ, pé kí Nàìjíríà dẹ́kun ríra bébà lókè òkun. Ìyẹn fi hàn pé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò tó. Igi, iná àti owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

8. ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN NÍPA ILÉ-IṢẸ́ YÍN

(a) Ẹbí bébà wo ni à ń ṣe? Tó bá jẹ́ ti ìtẹ̀wé nìkan, ẹ tètè máa wo ọ̀nà mìíràn.

(b) Ìgbà wo ni wọ́n ra ẹ̀rọ gidi kẹ́yìn? Ọ̀dà tuntun lára ògiri kì í ṣe ìdókòwò.

(d) Níbo ni iná àti ooru ti ń wá? Ibi tó ń ra gbogbo gáàsì rẹ̀ lọ́jà ni owó gáàsì máa ń kọ́kọ́ dùn.

(e) Ta ló ni wá, ibi mélòó mìíràn ló sì ní tó ń ṣe irú bébà kan náà?

(ẹ) Kí ni ìwé ìṣirò owó wọn sọ? Èyí ni iṣẹ́ tèmi gẹ́gẹ́ bí oníṣirò owó, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní Bìrìtéènì, ẹnikẹ́ni ló lè wo ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Companies House. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Ìkíní, ibi tí wọ́n kọ "average number of employees" sí: ẹ fi ti ọdún mẹ́ta wé ara wọn. Ìkejì, èrè tàbí àdánù ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí "going concern". Tí olùyẹ̀wò ìṣirò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyèméjì ńlá wà bóyá ilé-iṣẹ́ á lè máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ má fi ojú kéré rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín.

9. Ẹ̀TỌ́ YÍN TÍ IṢẸ́ BÁ FẸ́ BỌ́

Redundancy ni kí wọ́n dá ènìyàn dúró nítorí pé iṣẹ́ tó ń ṣe kò sí mọ́, kì í ṣe nítorí pé ó ṣẹ̀. Ní England, Scotland àti Wales, òfin sọ pé:

• Tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dá ènìyàn 20 sí 99 dúró níbi iṣẹ́ kan láàárín 90 ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣojú òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó kéré tán, 30 ọjọ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tó lọ. Tó bá jẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀, 45 ọjọ́ ni.

• Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún méjì láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí owó redundancy. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó pé 22 jẹ́ owó ààbọ̀ ọ̀sẹ̀, láti 22 sí 40 jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ kan, láti 41 sókè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. Wọn kì í kà ju 20 ọdún lọ, òfin sì fi gbèdéke sí owó ọ̀sẹ̀ tí wọ́n á fi ṣírò, èyí tó máa ń yí padà lóṣù kẹrin ọdọọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Arákùnrin kan jẹ́ ẹni ọdún 46, ó ti lo ọdún 10, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £500. Ọdún 5 lẹ́yìn tó pé 41: 5 × 1.5 = ọ̀sẹ̀ 7.5. Ọdún 5 tó ṣáájú: ọ̀sẹ̀ 5. Àpapọ̀ 12.5 × £500 = £6,250. Èyí ni ó kéré jù tí òfin sọ. Ìwé àdéhùn yín lè fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó redundancy kò bá ju £30,000 lọ, wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbà á lórí owó ọlidé àti owó nótíìsì.

• Tí gbèsè bá wó ilé-iṣẹ́ lulẹ̀, owó yín kò ṣègbé pátápátá. Ẹ lè bèèrè owó redundancy lọ́wọ́ ìjọba nípasẹ̀ Redundancy Payments Service. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ.

• Ẹ̀yin tí ẹ́jẹ́ǹsì ń rán lọ, ẹ wo ìwé yín dáadáa. Ta ni ìwé sọ pé ó gbà yín síṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ bébà, òun kọ́ ló sì máa san owó yìí.

• Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí fisa Skilled Worker, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n sábà máa ń gé àkókò yín kù sí 60 ọjọ́. Ẹ lọ rí agbani-nímọ̀ràn tó ní ìwé àṣẹ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Owó redundancy tí agbanisíṣẹ́ san kì í ṣe "public funds", kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

• Tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn ìparí iṣẹ́ síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i kíákíá, ẹ má fọwọ́ sí i. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin àyàfi tí ẹ bá ti gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lábẹ́ wọn. Tí ìjà bá sì wà, ACAS máa ń làjà lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó dé ilé-ẹjọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ẹbí bébà wo ni ẹ rò pé ó máa pẹ́ jù ní àdúgbò tiyín, kí sì nìdí?
2. Kí ni ìlú Kemi kọ́ wa nípa ìkéde "iṣẹ́ tuntun"?
3. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lóṣù tó ń bọ̀, ìwé wo nínú ilé yín ni ẹ kò rí? Ìwé àdéhùn, sílíìpù owó oṣù, tàbí lẹ́tà pẹ́ńṣàn?

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹni tó bá ní lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tí kò yé e, kó gbé e wá sí ọ́fíìsì wa kó tó fèsì. Ọ̀fẹ́ ni, àṣírí yín kò sì ní tú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ wọ́n wa o.